Ọjọ́ Tí A Ta Mọ́tò Ìjàpá

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, nínú ọgbà ilé tí mo ń gbé ní Borokiri, ní Port Harcourt. Àwa mẹ́ta la wà nídìí mọ́tò náà: èmi, àbúrò ìyàwó mi, àti ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun. Òórùn ìpẹtà ló gba ibẹ̀ kan, òórùn tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n kan irin, ó sì dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹja yíyan tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti etí omi. Mo rántí aago náà nítorí pé oníbàtà funfun yìí ti ní aago méjì lòun yóò dé. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn bọ́ sílẹ̀ láti inú mọ́tò rẹ̀ tó tutù nini, ó wo ilẹ̀ ọgbà wa bí ẹni tó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ òun yóò bà sí, ó sì wí pé, "Nice. Very nice."

Ohun tó ń pè ní nice nìyí: mọ́tò ìjàpá kan, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ìdí, tí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń gùn nígbà tí èmi àtìwọ wà ní kékeré. Àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n kùn ún nígbà kan. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì dé ìdajì, ihò ti wà nílẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, adìyẹ onílé sì ti pamọ nínú rẹ̀ rí. Atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń ti orí omi wá kì í dá irin sí ní Borokiri. Ó ń jẹ páànù, ó ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ẹni. Lórí ìyẹn ni eérú dúdú tún dé, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní súùtù, tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run láyé ìgbà yẹn, tó ń ba aṣọ tí a sá jẹ́, tó ń wọ ihò imú ọmọdé. Ó bo mọ́tò náà débi pé bí o bá fi ìka kọ orúkọ rẹ sí i lára, ẹni tó wà ní ẹnu géètì yóò kà á.

Ìyàwó mi ló ni mọ́tò náà. Olùkọ́ ni. Èmi kò mọ mọ́tò wà, n kò sì kọ́ ọ títí di òní. Òun ni yóò wà á, èmi a jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, a ó sì máa lọ láàárín àdúgbò, àwọn kan a máa pariwo pé, "Madam dey carry oga!" Ẹ̀rín wọn kò kàn mí. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rìn. Ìsọ̀ okùn àti àwọ̀n ni mo ní lẹ́bàá etí omi, n kò sì kàwé ní kékeré. Mo ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ a, b, d. Ìyàwó mi ló fi orúkọ mi sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ alẹ́, mọ́tò yẹn ló sì fi ń gbé mi lọ. Yóò dúró níta, yóò tan iná kékeré tó wà lókè inú mọ́tò, yóò máa sàmì sí iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ títí a ó fi jáde. Bí mo bá ti jókòó, kì í bi mí ní ohun tí wọ́n kọ́ wa. Yóò kàn nawọ́ sí pátákó ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà, yóò ní, "Ka ìyẹn fún mi." N ó kà á. Bí mo bá ṣì í kà, yóò dín eré kù títí n ó fi kà á bó ṣe yẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa a máa fọn fèrè, kò ní dá wọn lóhùn.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, mọ́tò náà dúró sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. N kò tà á, nítorí kì í ṣe tèmi. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa ọkọ kì í jogún aya. Ohun ìní obìnrin, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí, ó sì wà ní yunifásítì ní ìlú mìíràn lásìkò náà. Àfìgbà tí onílé ní òun fẹ́ kọ́ ìsọ̀ sí iwájú ọgbà, pé bí mọ́tò yẹn kò bá kúrò kí oṣù tó parí, òun yóò pe àwọn tó ń gé irin àlòkù. Mo tẹ ọmọ mi láago. Port Harcourt la bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni àti àdúrà lọ. Ó ní, "Papa, sell am. But give am person wey go drive am. No give person wey go cut am. Abeg, sir." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó wà lọ́rùn mi nìyẹn: kí mọ́tò ìyá rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò wà á.

Ibẹ̀ ni àbúrò ìyàwó mi ti já wọ ọ̀rọ̀. Bó ṣe gbọ́, n kò mọ̀. A kì í ránṣẹ́ pe igún síbi òkú ẹran. Alágbàtà mọ́tò ni ní Rumuokoro, ẹnu rẹ̀ sì ni ìsọ̀ rẹ̀. Mo ti rí i tó ń júwe mọ́tò tí omi gbé bí ẹni ń júwe ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ó ní òun kì í purọ́, pé òun kàn máa ń fi ọ̀rọ̀ sínú páálí tó dára ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ó ti fi òróró ẹ̀pà pa àwọn táyà tó ti jò mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa dán. Kí oòrùn tó kan àtàrí, èèrà ti tò dé ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí fún mi, "ẹ má pe nǹkan yìí ní mọ́tò àlòkù mọ́ o. Pírójẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ́. Àwọn olówó ló ń wá a kiri. Wọ́n á rà á báyìí, wọ́n á tún un ṣe bí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ ṣáà wọ aṣọ tó mọ́, kí ọ̀gá má lọ rò pé ebi ló ń mú wa tà á. Ẹ má sì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, àna mi." Mo lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Pírójẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ Port Harcourt ni nǹkan kì í ti í bàjẹ́ mọ́. Ilé tó wó ku ògiri kan, pírójẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀nà tí ọ̀gbàrá wọ́ lọ, pírójẹ́ẹ̀tì ni. Ọkùnrin tí kò níṣẹ́ tí kò lábọ̀, bí o bá bi í, yóò ní òun wà lórí pírójẹ́ẹ̀tì kan. N kò mọ ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́, ó bàjẹ́ ni; ẹni tí yóò tún un ṣe kì í pè é ní orúkọ mìíràn kó tó bẹ̀rẹ̀.

Bóyá o ń bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi jẹ́ kí ọmọ kékeré máa pàṣẹ fún mi nínú ọgbà ilé mi. Àna kì í kéré ni. Lọ́jọ́ ìdána wa, nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹbí wọn, ọmọ yìí wà níbẹ̀, ó ń jẹ bisikíìtì. Kí àwọn àgbà tó la ẹnu, ó rìn wá síwájú, ó fi ẹsẹ̀ kan mi léjìká, ó ní, "Ẹ dìde. Mo ti gbà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó mi pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi "ẹ" pe ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì. Ó gbà á bí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó dàgbà sínú rẹ̀ bí ẹni tó dàgbà sínú aṣọ tí wọ́n dá fún ẹlòmíràn.

Jẹ́ kí n padà sórí oníbàtà funfun. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti dípẹtà ju mọ́tò náà lọ. Ó mọ ọdún tí wọ́n ṣe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ó mọ ìdí tí wọ́n fi gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn, ó mọ bí iná iwájú ti àkọ́kọ́ ṣe yàtọ̀ sí ti ìkẹyìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa, a kò sì bi í. Ó yà á ní fọ́tò níwájú, ó yà á lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ya ilẹ̀kùn tí ìpẹtà jẹ. Ó mọ ohun gbogbo nípa mọ́tò ìjàpá, àfi bó ṣe rí lọ́wọ́, nítorí kò fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ wo ìpẹtà yìí!" ló ń wí. "Ojúlówó! Owó ò lè rà á!"

"Mo sọ fún yín, ọ̀gá," ni àna mi dáhùn. "Ojúlówó ìpẹtà Borokiri ni. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní GRA."

Ìyìn yẹn ló kọ́kọ́ mú mi dúró wò ó dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta okùn fún apẹja. Apẹja tó bá fẹ́ ra okùn, èébú ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Yóò fà á, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tutọ́ sílẹ̀, yóò ní okùn yìí kò lè so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, yóò bi mí bóyá ọ̀tá òun ló gbé e fún mi tà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò rà á, nítorí pé lálẹ́, lórí omi, okùn yẹn ni yóò gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní, "Okùn yìí mà dára o, àwọ̀ rẹ̀ wù mí," onítọ̀hún kò lọ sódò. Ó fẹ́ fi so bàlúùn ní ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ lo nǹkan ló ń bú nǹkan. Ọkùnrin yìí kò rí àléébù kan lára mọ́tò tí adìyẹ pamọ sí.

Mo bi í pé, "Sà, ẹ ó wà á?"

Àna mi yí bìrí wò mí. Oníbàtà funfun rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó béèrè bóyá Ọlọ́run ń jẹun. "Baba, àtúnṣe pátápátá! Ìyè tuntun ni mo fẹ́ fún un!"

"Ẹ ò gbọ́ bí, ẹ̀gbọ́n?" ni àna mi wí. "Ìyè tuntun!"

Mo ti gbọ́ ìlérí ìyè tuntun rí, lẹ́bàá sàréè, láti ẹnu àwọn tó ń wo aago ọwọ́ wọn.

Àsìkò yẹn ni ẹni kẹrin wọlé. Obìnrin kan ni, ó sanra díẹ̀, ó so ìró mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù láti ibi yìnyín. Abuloma ló ti ń kó yìnyín wá fún àwọn ẹlẹ́ja etí omi wa. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀yọ́, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Abuloma; inú kèké ló wà tó fi rí mọ́tò náà láti ojú títì, tó sì ní kí oníkèké dúró. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi.

"Ẹ káàsán sà. Ta ló ni yama-yama yìí?"

Àna mi ní, "Madam, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ níbí."

"Mo rí wọn. Mo ní ta ló ni ín?" Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ta táyà nípàá, ó wo òróró tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ tún ti dín in?" Ó lọ síwájú mọ́tò, ó fi agbára ṣí ìdérí rẹ̀, ó wo inú, ó sì figbe ta. "Yé! Wọ́n ti jí engine! Ẹ fẹ́ ta mọ́tò tí ò ní engine fún ọmọ èèyàn?"

Àna mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Oníbàtà funfun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì irú èyí máa ń wà, ó fi ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é kún un.

"Ẹ̀yìn?" ni obìnrin náà wí. "Mọ́tò wo ló ń gbé engine sí ìdí? Wàhálà mìíràn nìyẹn." Ó lọ sẹ́yìn. Ó bú ẹ̀yìn náà. Ó bú gíláàsì tó sán. Ó bú ilẹ̀kùn, ó bi wá bóyá eku ló jẹ ẹ́ tàbí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú: ó wọ inú mọ́tò, ó jókòó sórí ìjókòó awakọ̀ pẹ̀lú eérú rẹ̀ àti ìyẹ́ adìyẹ rẹ̀, ó di sítíárìn mú, ó fi ẹsẹ̀ wá àwọn ohun títẹ̀. "Búréèkì ò sí," ló wí. "Ìjókòó ń gún mi ní ìdí. Ẹni tó wa mọ́tò yìí mà jìyà o."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn gún mi. Ṣùgbọ́n èébú ọlọ́jà ni, mo sì mọ ohùn rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ohùn. Mo súnmọ́ fèrèsé. "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè. "Kí lèèyàn ń fi mọ́tò ṣe? I wan drive am. Àbúrò mi ń jó irin ní Abuloma, á lẹ̀ ẹ́. Kèké ti gbọn ìfun mi jáde tán, Baba."

Kí n tó fèsì, fóònù oníbàtà funfun ké. Ó gbé e, ó sì ń sọ̀rọ̀ sókè níwájú gbogbo wa bí ẹni pé igi fúrúùtù ni wá. "Yes, I don see am. E rust well well. Na only the front we need. Make the welder cut am for middle. The front go hang for wall, behind the bar. The back? Make dem throwey."

Mo wo àna mi. Ó húkọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí jẹ́jẹ́, "ara ògiri náà, irú àtúnṣe kan ni."

Mo ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ ní etí omi. Mo ti gbọ́ ti apẹja tí ẹja rẹ̀ sá lọ lẹ́yìn tó ti gbé e dé ilé. N kò tíì gbọ́ irú èyí rí. Mo ní, "Àna mi, ọmọ ló ni ín. Ó ní kí wọ́n má gé e."

"Ọmọdé ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ mi lélẹ̀ fún ọ̀gá." Ó gbé ohùn sókè kí ọ̀gá náà lè gbọ́. "Ta ló bí ẹni tó ni mọ́tò? Ẹbí wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àbí ẹ fẹ́ bá ẹbí wa jà lórí ẹrù òkú?"

Ọ̀bẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì mọ ibi tó gún mi sí. Bí mo bá bá a jiyàn, bí mo bá fi ohùn kan ṣoṣo lé tirẹ̀ lórí, kí ilẹ̀ tó ṣú ìròyìn yóò ti dé ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé mo ń bá ẹbí ìyàwó mi jà nítorí ohun tó fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Àna kì í pariwo mọ́ àna. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí ìmọ̀ náà ló sì jókòó sí. Ohun tó gbàgbé ni pé àṣà tó dì mí lẹ́nu kò dì mí ní àyà.

Mo dọ̀bálẹ̀.

N kò tẹríba, n kò fọwọ́ kanlẹ̀. Mo nà gbalaja níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ní kí n wọ̀, sórí ilẹ̀ tí eérú dúdú bò, mo sì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ilẹ̀. Mo ní, "Àna mi, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi mọ́tò yìí jìn mí, kí n tà á fún obìnrin yìí." Lẹ́yìn náà, n kò sọ ohunkóhun mọ́.

"Ha! Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ dìde."

N kò dìde. Lọ́dọ̀ wa, "ẹ dìde" nìkan kò tó. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ènìyàn ń dúró gbọ́. Láti ibi tí mo wà, bàtà nìkan ni mo ń rí. Bàtà funfun ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí eérú tí mo rú sókè má baà bà á. Sálúbàtà obìnrin oníyìnyín, tó ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, dúró gbọn-in. Bàtà àna mi, tó ya ẹnu níwájú, ń tẹ̀ ń gbéra bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Àwọn ará ilé ti ń jáde.

"Wetin dem do dis man?" ni obìnrin kan bèèrè láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Na him in-law. E dey beg am."

"Beg who? Dis small boy?"

"Ẹ̀gbọ́n, people dey look," ni àna mi wí. Ohùn rẹ̀ ti tínrín.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó wà nílẹ̀ ló rẹlẹ̀. N kò tíì kẹ́gàn ẹ̀dá alààyè kan tó bí mo ṣe kẹ́gàn ọmọ yẹn ní ìdọ̀bálẹ̀ náà. Mo kẹ́gàn rẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò. Mo kẹ́gàn ẹnu rẹ̀, mo kẹ́gàn òróró ẹ̀pà rẹ̀, mo kẹ́gàn bó ṣe ń fi orúkọ arábìnrin rẹ̀ ṣe àpò ìtajà. Bí mo bá dìde dúró kí n sọ ọ́ fún un, ìjà lásán ni. Ẹnu rẹ̀ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìya ẹnu, ó sì gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Òótọ́ ni. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ ìdájọ́.

"Is he all right?" ni oníbàtà funfun wí. "Ṣé ètùtù ni?" Ó ní kí wọ́n pe òun bí a bá parí, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ti fèrèsé rẹ̀, ó lọ. Bí ìfẹ́ ojúlówó ìpẹtà ṣe parí nìyẹn: eérú díẹ̀ ló lé e.

Obìnrin oníyìnyín ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́ lóòótọ́? Èmi tí ìyá mi kì í ṣe Yorùbá pàápàá mọ̀ ọ́n. Àna rẹ wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Sọ ọ́, kí ọkùnrin yìí lọ fọ aṣọ."

Bàtà àna mi yí sí apá géètì, ó tún yí padà. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

"Ẹ dìde. Mo ti gbà."

Ohùn náà gan-an ni. Bisikíìtì nìkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo dìde. Mo kí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Obìnrin náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n gbọn eérú kúrò láyà kó tó tún bẹ̀rẹ̀ èébú rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ó ná mọ́tò náà débi tí inú fi ń bí mi, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, mo fún àna mi ní owó alágbàtà rẹ̀ níṣojú gbogbo ará ilé, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ó gbà á. Mo ti mọ̀ pé yóò gbà á.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀, mo sì máa ń ronú sí i bí mo bá dá jókòó ní ìsọ̀. Nígbà kan, mo rò pé ẹni tó yẹ nìkan ni ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì máa ń dùn mí pé mò ń ná ọ̀wọ̀ mi sórí ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀wọ̀ dà bí ohun tí mò ń tà. Okùn kan náà ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté, òun náà ni wọ́n fi ń de ẹran. Ọmọ yẹn ti fi fà mí láti ìgbà tó wà ní kékeré, kò sì rò ó rí pé okùn ní orí méjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo ìjọ tó lù, obìnrin náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ tí wọn yóò fi fa mọ́tò lọ, àti okùn kan tó ti gbó. Mo mú okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sẹ́yìn ògiri. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo gé okùn tuntun, èyí tó nípọn jù, mo sì so ó fúnra mi. Ó bi mí pé èló ni. Mo ní èènì ni. Ó fà á wò, ó ní ó tínrín jù.

Òun ló jókòó sídìí sítíárìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, mo jókòó sí àyè mi. Wọ́n ti fi atẹ́gùn sí àwọn táyà, wọ́n sì ń fà wá lọ jẹ́jẹ́, ilẹ̀ ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láti inú ihò, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn pátákó ojú ọ̀nà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń dé ibi tí wọ́n wà.

"Baba, I sabi read o," ni obìnrin náà wí.

Mo ní mo mọ̀. Mo kà wọ́n títí a fi dé oríta. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà, bí a ṣe máa ń tì í tẹ́lẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn padà sílé.